Òdo Tí Odò Gbé Wá

Lẹ́tà mẹ́ta la máa dáhùn lọ́tẹ̀ yìí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń rùn bí etíkun. Ti àkọ́kọ́ gùn díẹ̀, mo gé àwọn ibì kan kúrò, mo yọ orúkọ iléèwé àti ti tíṣà náà torí a ò wá wàhálà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ inú ẹ̀ wọ̀ mí lára débi pé mo kà á sétí ọkọ mi nígbà tó ń jẹun lọ́wọ́, òun náà sì dáwọ́ oúnjẹ dúró.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ SS2 ni mí, Abẹ́òkúta ni iléèwé wa wà. Lóṣù kẹwàá tó kọjá tíṣà bàyọ́lọ́jì wa kó wa lọ Àgbádárìgì fún fieldwork, wọ́n ní ká lọ wo àwọn nǹkan ẹlẹ́mìí inú ọ̀sà àti ti etíkun lọ́jọ́ kan náà. Aago márùn-ún ìdájí la gbéra o, ṣùgbọ́n ọ̀nà Àgbárá yẹn, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, aago méjìlá ku díẹ̀ ká tó débẹ̀. Wọ́n wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì fún wa, a bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi láti sọdá sí Gberefu, ilẹ̀ yanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ewéko kan tó léfòó lójú omi ń há sẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọlọ́kọ̀ dúró fọwọ́ fà á kúrò, àwọn ọmọ kan ti ń ké Jésù.

Láàárín omi níbẹ̀ tíṣà ní ká wọn nǹkan. Ooru omi jẹ́ 29. Àwo funfun òun dúdú tá a fi okùn sọ̀ kalẹ̀, a ò rí i mọ́ nígbà tó wọlé tó 40 cm. Èmi ni mo mú refractometer, ẹ̀rọ tó ń sọ bí iyọ̀ inú omi ṣe pọ̀ tó, mo kán omi sí i, mo wò ó, òdo. Mo nù ún, mo tún kán an, òdo. Tíṣà ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, pé báwo ni omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun ò ṣe ní níyọ̀, wọ́n ní kí gbogbo wa kọ 15. Èmi kọ òdo torí òdo ni mo rí. Nígbà tá a rìn dé etíkun mo tún wọn ti òkun, ó ka 31, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan.

Létíkun, wọ́n fún wa ní quadrat, igi mẹ́rin tí wọ́n so pọ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì mítà. Ká jù ú lẹ́ẹ̀mẹwàá láti ibi tí omi ń fọ́ sí dé ìdí àgbọn, ká ka ohun tó bá wà nínú ẹ̀. Àǹtí, yanrìn ni o! Ìgbà mẹ́jọ mi ò rí nǹkan kan. Lókè lápá àgbọn mo rí ihò mẹ́ta nínú ọ̀kan, méjì nínú ọ̀kan, mi ò rí akàn tó ni ín. Bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, tó ń ya sẹ́lífì ní gbogbo ìgbà yẹn, kọ ìsáwùrú 15, akàn 8. Wọ́n fún un ní 18 nínú 20. Èmi gba 9, wọ́n sì fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé ṣé etíkun kan náà lẹ jọ lọ ni. Ṣé ọjọ́ mi ṣòfò ni? Tíṣà ní ẹni tó bá fẹ́ lè tún tiẹ̀ ṣe, ṣé kí n kọ nǹkan sí i? (Ọmọ SS2, Abẹ́òkúta)

ÈSÌ: Má kọ nǹkan kan sí i, ọmọ mi. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti omi, torí òun ló dùn mí jù.

Refractometer yẹn, ìwọ fúnra ẹ ti gbè é nínú lẹ́tà ẹ láì fura. O ní lọ́sà, òdo. O ní nígbà tẹ́ ẹ dé òkun lọ́jọ́ kan náà, 31. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ wo ló máa dá òkun mọ̀ tó bá rí i? Omi òkun láyé, ká kàn sọ pé gíráàmù iyọ̀ 35 ló máa ń wà nínú kílò kan, lápá ọ̀dọ̀ tiwa ó máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ nígbà òjò torí odò tó ń tú sínú ẹ̀ pọ̀, nítorí náà 31 yẹn ò yà mí lẹ́nu rárá. Bí tíṣà bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí wọ́n ra píọ̀ wótà kan, kí wọ́n kán ẹ̀kán méjì sójú gíláàsì ẹ̀. Tó bá ka òdo, ara ẹ̀rọ dá.

Ìbéèrè tí tíṣà bi ńkọ́, pé báwo ni omi ẹ̀gbẹ́ òkun ò ṣe ní níyọ̀? Ìbéèrè gidi ni o, mi ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó ń tan èèyàn ni pé tó o bá dúró lórí Gberefu, ọ̀sà wà lẹ́yìn ẹ, òkun wà níwájú, ẹsẹ̀ lo fi rìn ín, o sì rò pé omi náà lè rìn ín. Kò lè rìn ín. Ọ̀sà Àgbádárìgì ò lẹ́nu sí òkun níbi tẹ́ ẹ ti sọdá yẹn, yanrìn ló dí i pa. Bó bá máa jáde, àfi kó ṣàn lọ síhà ìlà oòrùn títí dé èbúté Èkó, tàbí kó gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ bọ́ sí Kútọnu níbi tí àwọn Faransé ti la omi sí òkun ní 1885. Iyọ̀ tó bá sì fẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín gbọ́dọ̀ gba ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì yẹn wọlé, ọ̀nà tó jìn gan-an, kó sì máa bá omi odò jà bó ṣe ń bọ̀. Oṣù kẹwàá lẹ lọ. Gbogbo òjò tó ti rọ̀ sórí ilẹ̀ Yewa láti oṣù kẹrin ló ń gba odò Yewa bọ́ sínú ọ̀sà yẹn, ta ni iyọ̀ tó máa kojú ẹ̀? Odò ló gbé òdo ẹ wá. Ká ní oṣù kejì tàbí ìkẹta lẹ lọ ni, nígbà tí ọ̀dá ti mú kí odò rọlẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀ lè yàtọ̀, nínú ọ̀sà Èkó pàápàá ìyàtọ̀ yẹn máa ń pọ̀ débi pé omi tí èèyàn fẹ́ẹ̀ lè mu nígbà òjò (ẹ má mu ún o) á ti di oníyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹlẹ́rìí ẹ kejì wà níbẹ̀, òun ló há sẹ́ńjìnnì. Ewéko yẹn, tó bá ní òdòdó aláwọ̀ elése àlùkò, tí ìdí ewé ẹ̀ wú bíi bálúùnù, water hyacinth ni wọ́n ń pè é. Gúúsù Amẹ́ríkà nilé ẹ̀, ọdún 1984 ló dé sínú omi Nàìjíríà, apá Àgbádárìgì tẹ́ ẹ lọ yẹn gan-an ló sì gbà wọlé láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Kò bá iyọ̀ ṣe. Àwọn apẹja Èkó mọ̀ pé nígbà òjò ló máa ń bo ojú omi pátápátá tí àwọ̀n ò ní rí ibi gbà, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá dé tí iyọ̀ gòkè, á pọ́n, á jẹrà, á rì. Ibi tó ti tutù yọ̀yọ̀ tó ń há sẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí iyọ̀ 15 níbẹ̀, tó bá wà níbẹ̀ ewéko yẹn ì bá ti kú. Ìwọ lo sì kọ nípa ewéko yẹn, àwọn tó kù kàn ń ké Jésù ni.

Ti àwo funfun òun dúdú yẹn ò le. Àlùfáà Kátólíìkì kan ní Ítálì, Angelo Secchi, ló bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ lórí òkun ní 1865, kò sì tíì sí ohun tó rọrùn jù ú lọ. 40 cm túmọ̀ sí pé omi yín dọ̀tí fún amọ̀ tí òjò gbé wá. Ẹ ò rí i pé nọ́ńbà yẹn náà ń sọ nǹkan kan náà tí òdo ẹ ń sọ.

Ó yá, ká bọ́ sí etíkun.

Mo rẹ́rìn-ín sí ìsáwùrú ọ̀rẹ́ ẹ títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìsáwùrú tí à ń tà lọ́jà yẹn, ẹrẹ̀ ló ń gbé, ní ìdí àwọn igi mangrove, níbi tí omi ti rọra ń wọlé tó rọra ń jáde. Kí ló wá dé etíkun Gberefu tí ìgbì ń bọ̀ láti àárín Atlantic wá fọ́ gbàgà-gbàgà sórí yanrìn? Ká ní ẹnì kan kó 15 síbẹ̀, òkun á ti dà wọ́n nù kí ọ̀rẹ́ ẹ tó kà wọ́n tán. Nítorí náà kì í ṣe pé ó parọ́ nìkan, ó parọ́ tí ẹni tó bá mọ etíkun á mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ohun tó sì ń dùn mí ni pé wọ́n fún un ní 18.

Ihò márùn-ún tìẹ wàyí. Akàn etíkun ló ni wọ́n, èyí tó máa ń sáré bí iwin tí ojú ẹ̀ ga sókè lórí bí igi méjì, Ocypode lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé. Ọ̀sán kì í ṣe àsìkò ẹ̀, oòrùn á gbẹ ẹ́, ó máa ń wọ inú ihò dúró de ìrọ̀lẹ́ àti òru. Gbogbo ayé ló ń ka ihò ẹ̀ dípò ara ẹ̀, ohun tó o ṣe ò yàtọ̀ sí ohun táwọn ọ̀gá ń ṣe. Wá ṣírò ẹ̀: quadrat ìdajì mítà sí ìdajì mítà jẹ́ 0.25 m², mẹ́wàá ẹ̀ jẹ́ 2.5 m², ihò márùn-ún nínú 2.5 m² jẹ́ ihò méjì nínú mítà kan ní ìbú àti òró. Ìyẹn ti tó kọ sínú rípọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn náà kó o sọ ibi tí wọ́n wà, pé lókè lápá àgbọn ni gbogbo wọn wà, kò sí nísàlẹ̀. Ibi tí wọ́n wà yẹn dùn ju iye wọn lọ, torí ó ń sọ pé akàn yẹn fẹ́ yanrìn tó lọ́rinrin díẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìgbì ò ní wó ilé lé e lórí.

Ṣùgbọ́n gbọ́ o, èmi náà ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá ẹ rò. Òdo mẹ́jọ tó kù yẹn, mo gbà pé o ò rí nǹkan kan, mi ò gbà pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibi tí ìgbì ń fọ́ sí kì í jókòó sórí yanrìn. Wọ́n ń rì sínú ẹ̀. Àwọn ìkarahun pẹlẹbẹ kéékèèké kan wà tí wọ́n ń pè ní Donax, ìgbì á gbé wọn jáde, kí o tó mí ẹ̀ẹ̀kan wọ́n ti wọlẹ̀ padà. Àwọn akàn kékeré kan náà wà tí ara wọn dà bí ẹyin, wọ́n á fẹ̀yìn gbẹ́lẹ̀ wọlé bí ìgbì bá ti ń fà sẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ kà wọ́n á gbẹ́ yanrìn inú quadrat náà, bíi ìka ọwọ́ dé ọrùn ọwọ́ jíjìn, á dà á sínú asẹ́ tí ojú ẹ̀ tó 1 mm, á fi omi òkun ṣan yanrìn lọ, ohun tó bá ṣẹ́kù nínú asẹ́ ló máa kà. Ẹ gbé asẹ́ lọ? Ẹ ò gbé e lọ. Ẹ tún dé lọ́sàn-án gangan, ẹ ò sì mọ̀ bóyá omi ń kún ni àbí ó ń fà, nígbà tó jẹ́ pé fieldwork etíkun, ìgbà tí omi bá fà ni, èèyàn á ti débẹ̀ bíi wákàtí kan àtààbọ̀ ṣáájú kó tó fà tán, kó lè máa tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀. Omi máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lọ́dọ̀ wa, àlàfo àárín wọn jẹ́ wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25, ìdí nìyẹn tí àsìkò ẹ̀ fi ń sún síwájú bíi ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́, ìgbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti ìgbà tí òṣùpá bá kún ló sì máa ń fà lọ jìnnà jù. Apẹja kankan ní Gberefu ì bá ti sọ fún yín ká ní ẹ bi í, wọn ò nílò ìwé.

Nítorí náà bó o ṣe máa tún un kọ nìyí, kò gùn: "A wo ojú yanrìn nìkan, a ò gbẹ́lẹ̀, a ò sẹ́ yanrìn, aago báyìí là ń ṣe é, a ò mọ bí omi ṣe wà." Gbólóhùn yẹn ló máa jẹ́ kí òdo ẹ níye lórí, torí òdo tí kò sọ bó ṣe wá a kò yàtọ̀ sí ẹni tó dijú tó ní òun ò rí nǹkan kan. Tó o bá ti fi sí i, kò sẹ́ni tó lè bi ẹ́ ní etíkun tó o lọ mọ́.

Má lọ bá tíṣà jiyàn níwájú kíláàsì o. Dúró dìgbà tí wọ́n bá jókòó, kúnlẹ̀, kí wọn, sọ pé ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ mọ̀ nípa 31 tá a rí létíkun yẹn, ṣé a lè fi píọ̀ wótà dán ẹ̀rọ yẹn wò. Jẹ́ kí ẹ̀rọ fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi máàkì kún un, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má fi kún un, mi ò ní tàn ẹ́. Èmi náà ti kọ nọ́ńbà ayédèrú rí nígbà tí mo wà ní 200 level, mo kọ ooru omi aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ fún ibi tí ọkọ̀ wa ti kúrò láago mẹ́rin, ọ̀gá wa wo ìwé náà, ó wò mí, ó ní ṣé mo wẹ̀ padà lọ ni. Títí dòní tí mo bá rántí, ara mi máa ń bù máṣọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làákàyè. Ìlàjẹ ni mí, Ayétòrò ni wọ́n bí mi sí, Èkó ni mo ń gbé báyìí. Bàbá mi apẹja ni, mo ṣe wàhálà kí ọmọ mi má bàa dé ìdí àwọ̀n, ọmọkùnrin náà wá padà ti ìrìn-àjò iléèwé dé, ó ní marine biology lòun fẹ́ kà ní yunifásítì. Ṣé torí àtipẹja ni mo ṣe ń san owó iléèwé? (Bàbá Ìlàjẹ)

ÈSÌ: Bàbá, ẹ farabalẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kò ní kó gbé àwọ̀n, àyàfi tó bá wù ú. Ní UNILAG ẹ̀ka Marine Sciences wà, ní FUNAAB l'Abẹ́òkúta wọ́n ní ẹ̀ka ẹja sísìn àti àbójútó ẹja, ní Victoria Island níbí ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹja àti ìmọ̀ ẹ̀rọ òkun wà pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun tí wọ́n ń pè ní NIOMR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975. Láti 2023 ìjọba tún ti ní mínísítírì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òkun àti ọrọ̀ ajé inú omi. Mi ò sọ pé iṣẹ́ ìjọba wà nílẹ̀ tó ń dúró dè é o, kò sí. Ibi tí owó wà ni oko ẹja, ọkọ̀ tó ń wa edé tà sókè òkun, àti àwọn tó ń yẹ omi wò kí iléeṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí òfin 1992 ti sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ àyíká wò kí wọ́n tó kọ́ ohun tó lè bà á jẹ́.

Ẹ ní Ayétòrò ni yín. Ẹ mọ iye ilé tí òkun ti gbé lọ lójú yín. Àwọn tó ń wọn bó ṣe ń jẹ ilẹ̀, tó ń sọ ibi tí yanrìn ń ṣí lọ, irú ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n kà. Ẹ jẹ́ kó lọ bá bàbá àgbà sọ̀rọ̀ kó tó kọ JAMB, á rí nǹkan gbọ́ níbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, iléèwé kó àwọn ọmọ wa lọ etíkun. Ọmọ mi fọwọ́ kan nǹkan búlúù kan bíi bálúùnù tí omi gbé sórí yanrìn, apá ẹ̀ wú, ó ní ó ń jó òun bí iná, ẹnì kan ní kí wọ́n tọ̀ sí i, wọ́n sì tọ̀ sí i! Ó tún fi ike omi gbé ọ̀kan wá sílé wá hàn mí. Kí ni nǹkan yẹn? (Ìyá Ìbejì, Ajah)

ÈSÌ: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Physalia ni. Ó dà bí ẹran kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹlẹ́mìí kéékèèké ni wọ́n so mọ́ra, ọ̀kan ń ṣe ìléfòó, ọ̀kan ń jẹun, ọ̀kan ń ta. Afẹ́fẹ́ ló ń tì í kiri bí ọkọ̀ aláṣọ. Okùn tó ń fà lẹ́yìn ẹ̀ lè gùn ju mítà mẹ́wàá lọ, ara okùn yẹn ni oró wà.

Ìtọ̀ ò ṣe nǹkan kan fún un, ó tiẹ̀ lè mú kí oró tó ṣẹ́kù tú jáde ni. Ẹ má fi yanrìn ra á, ẹ má fi píọ̀ wótà fọ̀ ọ́. Omi òkun lẹ máa fi ṣan án, ẹ fi igi tàbí aṣọ nípọn gbé okùn tó bá lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ ki apá náà bọ omi gbígbóná tí ara ọmọ lè gbà, bíi 45 díigírì, fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ tiyín wò ó. Tó bá ṣòro fún un láti mí, tí ojú ẹ̀ ń wú, tàbí tó ń bì, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó wà nínú ike yẹn, ẹ má ṣí i fọwọ́ kàn án, kódà tó bá ti gbẹ, ó ṣì lè ta. Ẹ dé e pa, ẹ wé e sínú ọ̀rá méjì kẹ́ ẹ tó kó o fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí, kí Táyé má lọ fi ṣeré nígbà tẹ́ ẹ bá yíjú.